Àánú Kì í Ṣe Ènì: Ẹ̀tọ́ Aláìsàn ní Ilé Ìwòsàn

  Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, ẹ fi etí kan tajà, kí ẹ fi èkejì gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ìlera ni ti òní, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa tètè yé jù, torí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni.

Bí èèyàn bá wá ra gàrí lọ́wọ́ yín, nǹkan méjì ló ń retí. Èkíní ni gàrí tó kún abọ́ tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Ìyẹn, owó rẹ̀ ló fi rà á. Bí abọ́ náà kò bá kún, yóò ní, "Ìyá, abọ́ yìí ò kún o." Kò ní kúnlẹ̀ bẹ yín, torí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló ń bèèrè. Èkejì ni ènì. Ènì ní tirẹ̀, ọwọ́ yín ló wà. Bí inú yín bá dùn, bí oníbàárà bá mọ èèyàn kí, bó bá jẹ́ ọmọ ìlú yín, ènì á pọ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín lọ́jọ́ náà, ó lè má sí ènì rárá. Kò sì sẹ́ni tó lè pè yín lẹ́jọ́ nítorí ènì.

Ìbéèrè tòní nìyí: àánú tí òṣìṣẹ́ ìlera ń ṣe fún aláìsàn, ṣé ènì ni, àbí ó wà nínú òṣùwọ̀n? Bó bá jẹ́ ènì, a jẹ́ pé ẹni tó mọ nọ́ọ̀sì, ẹni tó wọṣọ tó dáa, ẹni tó gbọ́ Faransé, ló máa rí i gbà. Ìyá tó ti oko dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ kò ní rí i. Bó bá sì wà nínú òṣùwọ̀n, gbogbo wa ló ni ín, a sì lè bèèrè rẹ̀ láìsunkún. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni pé inú òṣùwọ̀n ló wà, àti bí a ṣe lè jẹ́ kó dúró síbẹ̀.

Kí ni à ń pè ní àánú?

Ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ná. Lédè wa, ta ló sábà máa ń sọ pé "ẹ ṣàánú mi"? Alágbe ni. Ẹni tó wà lókè ló ń ṣàánú ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bí a bá gbé àánú irú èyí lọ sí ilé ìwòsàn, aláìsàn di alágbe nìyẹn, òṣìṣẹ́ sì di ọba. Èyí kọ́ là ń wí.

Àánú tí à ń sọ ní apá mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí òṣìṣẹ́ rí ìrora ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ìkejì, kó gbà pé èèyàn bíi tòun ni. Ìkẹta, kó ṣe nǹkan kan láti dín ìrora náà kù. Ẹni tó rí ìrora tí kò ṣe nǹkan kan, ó káàánú lásán ni. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán ṣùgbọ́n tí kò wo ojú aláìsàn, ó tún ara ṣe, ó fi ọkàn sílẹ̀.

Bí àánú bá wà, ojú máa ń rí i. Ẹ wò ó:

Òṣìṣẹ́ kí aláìsàn, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un.
Ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó fọwọ́ kan ara rẹ̀, ní èdè tí aláìsàn gbọ́.
Ó fa aṣọ bo ìhòòhò rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.
Kò sọ àìsàn ọ̀kan létí èkejì.
Kò kígbe, kò bú èèyàn, kò gbá èèyàn létí.
Ó jẹ́ kí ẹnì kan nínú àwọn ará ilé wà nítòsí nígbà ìrora, bí àyè bá gbà á.
Bí ìròyìn bá burú, ó jókòó sọ ọ́. Kì í sọ ọ́ lórí ìdúró bí ẹni ń polówó ọjà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Kò sí èyí tó ní ká kọ́kọ́ dúró de ìjọba kó kọ́ ilé tuntun. Ṣùgbọ́n ó ṣeé fojú rí, ó ṣeé kà, ó sì ṣeé bèèrè. Ohun tó bá ṣeé kà, ó ṣeé fi sínú òfin.

Ẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀

Àwọn kan á ní, "Ṣé torí pé wọn ò kí mi ni mo fẹ́ máa bínú? Kí wọ́n sáà fún mi lóògùn." Ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìkíni lọ.

Ní ọdún 2019, ìwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ The Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Gánà, Gínì, Nàìjíríà àti Myanmar. Wọ́n jókòó ti obìnrin 2,016 níbi tí wọ́n ti ń rọbí nílé ìwòsàn, wọ́n ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Nínú wọn, 838 ni wọ́n nà, tàbí tí wọ́n kígbe mọ́, tàbí tí wọ́n fi ṣẹ̀sín, tàbí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ fi ìka yín kà á: nínú obìnrin 10, ó lé ní 4. Àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí àti àwọn tí kò kàwé púpọ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Ìgbà wo ló sì máa ń le jù? Láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí ọmọ tó jáde títí di ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tó jáde. Ìgbà tí obìnrin nílò ohùn tútù jù lọ gan-an nìyẹn.

Wọn ò ṣe ìwádìí náà dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Àwọn obìnrin tó ń gbọ́ mi báyìí mọ ohun tí ojú wọn ti rí.

Kí ló máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Obìnrin tí wọ́n gbá létí níbi ìrọbí kì í kọ lẹ́tà sí mínísítà. Ó ń délé, ó ń sọ fún àbúrò rẹ̀. Àbúrò ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí oyún ọ̀rẹ́ náà bá pé, á ní, "Ilé ni màá bí tèmi sí." Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ lè pa abiyamọ láàárín wákàtí díẹ̀. Kí wọ́n tó wá ọ̀kadà, kí ọ̀kadà tó gba ọ̀nà pupa yẹn kọjá ní àsìkò òjò, ó lè ti bọ́. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan sọ ní ọdún tó kọjá, ó lè jẹ́ ohun tó pa ẹlòmíràn lọ́dún yìí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 26 jọ láti orílẹ̀-èdè 17, obìnrin tó lé ní 15,000 ló wà nínú wọn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣàǹfààní kí ẹnì kan dúró ti obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí títí dé òpin, kó máa di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó máa bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó ní alábàárò ń bímọ fúnra wọn láìsí iṣẹ́ abẹ ju àwọn tó dá wà lọ, ìrọbí wọn sì máa ń kúrú díẹ̀. Nítorí irú ẹ̀rí báyìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kọ ọ́ sínú ìlànà ìbímọ tí wọ́n gbé jáde ní 2018 pé kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin yan ẹni tó bá fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àbí ẹ ò rí i? Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe nínú yàrá láyé àtijọ́, ìwé ti wá jẹ́rìí sí i.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbímọ nìkan. Ẹ̀yin ará Pobè mọ ibùdó ìtọ́jú egbò Buruli tó wà nílùú yín, èyí tí àjọ Raoul Follereau ń ràn lọ́wọ́. Àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré lábẹ́ awọ ara, kì í sì í dunni púpọ̀. Bí èèyàn bá tètè dé, oògùn tí à ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8 nìkan lè wò ó. Bó bá pẹ́, egbò á jẹ ara, á di iṣẹ́ abẹ, apá tàbí ẹsẹ̀ lè kákò. Kí ló ń mú kó pẹ́? Jíjìnnà wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, ìtìjú náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n á ní èpè ni, wọ́n á ní àjẹ́ ni, ẹni náà á fi aṣọ bo egbò mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá wá ṣí aṣọ náà níwájú òṣìṣẹ́ ìlera, bí ẹni yẹn bá dìmú, ó lè má padà wá mọ́. Bó bá ní, "Ẹ kú ìfaradà, ẹ jẹ́ ká wò ó," ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn kí oògùn tó dé. Láti ọdún 2006 sí 2016, àwọn oníṣègùn kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn 82 láti Nàìjíríà ni wọ́n tọ́jú egbò yìí fún ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Èèyàn ń sọdá ẹnubodè wá síbi tó bá gbọ́ pé wọ́n ń tọ́jú èèyàn.

Kí ni òfin ti sọ?

A fẹ́ kí ẹ mọ èyí dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu dídùn gbà á lọ́wọ́ yín.

Òfin tó ga jù nílẹ̀ wa ni òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990. Orí 8 nínú rẹ̀ sọ pé ohun mímọ́ ni ènìyàn, a ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú. Ó ní ojúṣe tí kò ṣeé yẹ̀ ni fún ìjọba láti bọ̀wọ̀ fún un àti láti dáàbò bò ó, àti pé kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní àǹfààní kan náà sí ìlera. Orí 18 ní a kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni tàbí kí a hùwà ìkà tàbí ìwà àbùkù sí i. Kò sọ pé àyàfi bó bá dé ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, òfin kan tún wà lórí ààbò ìlera àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nọ́mbà rẹ̀ ni 2020-37, ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2021 ni ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín gbọ́ Faransé, ẹ ní kí wọ́n wá a, kí wọ́n kà á fún yín.

Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ìbímọ. Kí ọdún 2009 tó dé, bí wọ́n bá ní ọ̀bẹ ló máa gba ọmọ jáde, eré owó ló kàn. Ọkọ á máa sáré, ìyá ọkọ á máa ta ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2009, ìjọba ló ń san owó iṣẹ́ abẹ náà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àti àwọn mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí. 100,000 fùráǹkì ni wọ́n yàn láti máa san fún ilé ìwòsàn lórí iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i bí ó ṣe yí padà? Ohun tí à ń fi ẹkún bẹ̀bẹ̀ fún tẹ́lẹ̀, òfin sọ ọ́ di ẹ̀tọ́, ẹkún sì dín kù. Bí owó iṣẹ́ abẹ ṣe kúrò nínú ènì bọ́ sínú òṣùwọ̀n nìyẹn. Kí ló dé tí ohùn tútù kò lè bá a wọlé?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọdá sí ìpínlẹ̀ Ògùn lọ gba ìtọ́jú, ẹ mọ tọ̀hún náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2018, ìjọba Nàìjíríà gbé ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn jáde. Ẹ̀tọ́ 12 ló wà nínú rẹ̀. Lára wọn ni pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún aláìsàn láìka ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ìwọ̀n owó rẹ̀ sí. Kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn àti owó ìtọ́jú fún un. Kí wọ́n pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè wá wò ó. Kó sì lè fẹjọ́ sùn bí inú rẹ̀ kò bá dùn. Òfin ìlera wọn ti ọdún 2014 tilẹ̀ sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ láìsí ìdí lè san owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, "ọ̀wọ̀" ló pọ̀ níbẹ̀, "iyì" ló pọ̀ níbẹ̀. "Àánú" fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ń jà kó wọlé bí ẹ̀tọ́ ń sọ pé ọ̀wọ̀ nìkan kò tó. Èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún ẹ, kó pè ẹ́ ní "ìyá" lọ́nà tó tọ́, kó sì fi ẹ́ sílẹ̀ nínú ìrora láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ṣé òfin lè pàṣẹ fún ọkàn?

Ìbéèrè tó le nìyí, a kò sì fẹ́ sá fún un. Àwọn kan ń sọ pé ọkàn ni àánú ti ń wá, pé òfin kò lè wọ inú ọkàn èèyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ọjà. Ṣé òfin lè mú kí ọlọ́jà fẹ́ràn oníbàárà? Kò lè ṣe é. Ṣé ó lè ní kó má gé ìdí abọ́ ìwọ̀n? Ó lè ṣe é dáadáa. Òfin kò lè dé ọkàn, ṣùgbọ́n ó lè dé ọwọ́, ó lè dé ẹnu. Ó lè ní kí o má gbáni létí. Ó lè ní kí o sọ orúkọ rẹ. Ó lè ní kí o fa aṣọ bo èèyàn. Bí ọwọ́ àti ẹnu bá sì mọ́ ọn ṣe, lọ́pọ̀ ìgbà, ọkàn á tẹ̀ lé wọn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà kíkorò. Ní ìlú Stafford, ilé ìwòsàn ńlá kan wà tó ní ẹ̀rọ, tó ní dókítà. Síbẹ̀, láàárín ọdún 2005 sí 2009, wọ́n ń fi àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí ara wọn, omi mímu wà níbi tí ọwọ́ wọn kò lè dé. Àwọn ará ilé ló pariwo títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Agbẹjọ́rò Robert Francis ló darí rẹ̀, ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2013. Ọ̀kan lára ohun tó rí ni pé àwọn alákòóso ń ṣọ́ owó àti ìṣirò, wọn ò ṣọ́ èèyàn. Ní ọdún náà, wọ́n tún ìwé ìlànà ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Nínú ìwé náà, ẹ̀tọ́ ni pé kí wọ́n fi iyì àti ọ̀wọ̀ tọ́jú aláìsàn. Wọ́n dárúkọ àánú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìwà ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní ẹ̀tọ́. Àwọn náà ò tíì rìn ín dé òpin.

Dókítà obìnrin kan níbẹ̀, Kate Granger, ní àrùn jẹjẹrẹ. Nígbà tó dùbúlẹ̀ bí aláìsàn, ó rí i pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń wá sídìí bẹ́ẹ̀dì òun kì í sọ orúkọ wọn. Òun alára, tó jẹ́ dókítà, wá di ara tí wọ́n ń yẹ̀ wò lásán. Ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí gbogbo rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ ǹlẹ́ o, orúkọ mi ni lágbájá." Ó kú ní 2016, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò kú. Ó tàn ká ilé ìwòsàn káàkiri. Orúkọ sísọ kì í náni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá sì ti sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹ, yóò nira fún un láti bú ẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin dókítà tí ẹ ń gbọ́ wa, a ò wá fi yín ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. A mọ̀ pé ẹnì kan lè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òru, kí aboyún mẹ́ta máa rọbí lẹ́ẹ̀kan náà. A mọ̀ pé iná lè lọ, pé oògùn lè tán, pé ará ìlú máa ń bú yín fún ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ó rẹ̀ dé ìdí, bó bá ní àánú nínú, ó lè má rí ibi tú u jáde.

Nítorí náà, bí a bá sọ àánú di ẹ̀tọ́ aláìsàn, ó di gbèsè lọ́rùn ìjọba pẹ̀lú, kì í ṣe lọ́rùn nọ́ọ̀sì nìkan. Ìjọba tó ní kí òṣìṣẹ́ jókòó ṣàlàyé gbọ́dọ̀ fún un ní àkókò àti àga. Ìjọba tó ní kó bo ìhòòhò gbọ́dọ̀ ra aṣọ ìdábùú. Ẹni tó ní kí abọ́ kún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gàrí wà nínú àpò. Àwa aláìsàn náà ní tiwa: ká má bú òṣìṣẹ́, ká má lu òṣìṣẹ́, ká má fi òkúta jẹ́jọ̀ọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ tí a kò tíì gbọ́ tán. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A jọ nílò ara wa ni.

Kí ni a lè ṣe láti òní lọ?

Àkọ́kọ́, ẹ kọ́ bí a ṣe ń bèèrè. Èèyàn lè bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìgbé ohùn sókè. "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?" "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ ṣe fún mi báyìí?" "Oògùn yìí, kí ló ń ṣe? Ìgbà mélòó ni màá lò ó?" "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá mi dúró tì mí." "Ẹ bá mi sọ ọ́ ní èdè wa, kó yé mi." Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.

Ìkejì, ẹ má dá lọ. Ẹni tí ara ń ro kì í lè gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò. Kí ẹni tó mọ̀rọ̀ sọ bá a lọ, kó máa gbọ́, kó máa rántí.

Ìkẹta, bí wọ́n bá hùwà àìdáa sí yín, ẹ jẹ́ kí ara kọ́kọ́ yá, lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ rántí ọjọ́, ẹ rántí wákàtí, ẹ rántí ohun tí wọ́n sọ gan-an. Ọ̀dọ̀ olórí ilé ìwòsàn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tó ń bá ilé ìwòsàn ṣàkóso. Ọ̀pọ̀ ló gbàgbé pé irú ìgbìmọ̀ yìí wà. Láti ìgbà ìpàdé Bamako ní 1987 ni wọ́n ti fẹnu kò pé bí ará ìlú ṣe ń sanwó oògùn nílé ìwòsàn, kí ará ìlú náà lóhùn sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Owó yín wà níbẹ̀, ẹnu yín náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì tóbi jù, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ náà wà. Ọmọ orílẹ̀-èdè lè kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ yìí fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú.

Ìkẹrin, bí òṣìṣẹ́ kan bá ṣe dáadáa, ẹ sọ ọ́ síta pẹ̀lú. Ẹ dárúkọ rẹ̀ ní ìpàdé. Ọmọ tí a bá yìn, á ṣe òmíràn.

Ìkarùn-ún, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó ń pe ọmọ ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀lẹ nígbà tó ń rọbí, kí ló fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí?

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pé jọ gbọ́ wa, ẹ jíròrò lórí èyí kí ọjà mìíràn tó pé:

1. Nínú ohun méje tí a kà lókè, èwo ló ṣòro jù láti rí gbà ládùúgbò yín? Kí ló fà á?
2. Ta ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bá ilé ìwòsàn yín ṣàkóso? Ṣé obìnrin wà níbẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n pàdé gbẹ̀yìn?
3. Bí ẹ bá máa kọ ẹ̀tọ́ márùn-ún sára ògiri ilé ìwòsàn yín ní èdè wa, kí lẹ máa kọ?

Ìbéèrè kẹta yẹn, ẹ má fi ṣeré. Ẹ kọ ọ́ lóòótọ́, kí ẹ mú un lọ bá olórí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì bèèrè ibi tí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ohun tí gbogbo èèyàn bá lè kà lára ògiri, ó ṣòro láti gé ìdí rẹ̀.

 Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí ẹ bá ń wọn gàrí fún ẹni tó kàn, ẹ rántí: ènì, ọwọ́ yín ló wà, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n abọ́ gbọ́dọ̀ kún. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó rí fún ẹni tó gbé ara rírọ̀ dé ilé ìwòsàn.